Ọwọ́ mi ti mọ́ ojú ìwọ̀n. Báwo ni mo ṣe lè bá síkéèlì ṣe?

Alásè Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọ ọdún 47 ni mí, Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé, ó sì ti lé ní ọdún 20 tí mo ti ń se àsè fún àwọn ènìyàn wa, láti ìsọmọlórúkọ títí dé ìsìnkú. Ní oṣù kẹsàn-án tó kọjá ni mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè, nítorí mo fẹ́ ìwé-ẹ̀rí tí n ó fi wáṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Èmi ni mo dàgbà jù ní kíláàsì, àwọn ọmọ tí kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ sì ń pe orúkọ mi ní gbangba láìfi nǹkan kan ṣíwájú rẹ̀. Ìyẹn kò bí mi nínú mọ́. (Irọ́ ni, ó ṣì ń bí mi díẹ̀.)

Ohun tó ń dà mí láàmú ni ìwọ̀n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a se ọbẹ̀ funfun tí àwọn Faransé ń pè ní béchamel: gíráàmù 50 bọ́tà, gíráàmù 50 fùláwà, àti ìdajì lítà mílíìkì. Èmi tí mo ń ro àmàlà fún ènìyàn 200 láìní kókó, mo fojú bu fùláwà sínú bọ́tà, mo sì da gbogbo mílíìkì gbígbóná lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Kókó tó wà níbẹ̀ tó kóró àgbálùmọ̀. Olùkọ́ wa fi ṣíbí gbé ọ̀kan sókè, ó tẹ̀ ẹ́, fùláwà gbígbẹ sì tú jáde láti inú rẹ̀. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà kí ẹ tó kọ́ iṣẹ́ yìí, kí ni ẹ ṣe tí ọwọ́ yín fi gba ìwọ̀n? Ìdánwò wa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọmọ Ológì, Ìbàdàn:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà. Ọmọ ọdún 39 ni mí nígbà tí mo kọ́ iṣẹ́ kátárìn. Síkéèlì nìkan kọ́ ló ṣẹ̀ yín o. Ẹ gbàgbé ògì ni. Kò sí ẹni tí ń da omi híhó lé ògì tó dì. Omi tútù la kọ́kọ́ fi ń pò ó títí yóò fi tú, nítorí pé bí ooru bá bá ìyẹ̀fun níbi tó ti ṣù jọ, ẹ̀yìn rẹ̀ á jinná, á sì sé mọ́ inú, omi kò sì ní ráyè wọlé mọ́. Iṣẹ́ tí omi tútù ń ṣe fún ògì ni bọ́tà ń ṣe fún fùláwà. Ìdí tí wọ́n fi ní kí àwọn méjèèjì dọ́gba nìyẹn: fùláwà tí kò rí ọ̀rá tó ni yóò di kókó. Ẹ rò wọ́n pọ̀ lórí iná kékeré fún bí ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ wá máa ta mílíìkì sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi ìjábẹ̀ onírin lù ú kí ó dán kí ẹ tó fi òmíràn sí i.

Kúùkù Àgbà:
Ẹ kú iṣẹ́, ìyáàfin. Èmi kò fẹ́ kí ẹ pa ojú ìwọ̀n yín tì, ẹ kàn yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ẹ gbé abọ́ iyọ̀ sórí síkéèlì, ẹ dá a padà sí òdo, ẹ bu iyọ̀ bí ọwọ́ yín ṣe máa ń bù ú, kí ẹ wo iye tó dín. Ẹ ṣe é nígbà mẹ́wàá, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí iye náà bá ń sún mọ́ra, ọwọ́ yín ti di síkéèlì.

Ooru nìkan ni ojú kò lè wọ̀n. Òfin ní England ni pé oúnjẹ gbígbóná tí ẹ fẹ́ tà kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju ìwọ̀n 63 Celsius lọ bí ẹ bá ń gbé e kalẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìrẹsì òde tí à ń fi sínú kúlà mọ́jú yẹn, kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì tí irúgbìn rẹ̀ kì í kú sórí iná. Bí ìrẹsì bá wà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́, kòkòrò náà á tú májèlé sínú rẹ̀, gbígbóná tí ẹ bá sì tún un gbóná kò lè pa májèlé náà. Ẹ ra tẹmómítà kí ẹ tó ra ọ̀bẹ mìíràn.

Alásè Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo se ọbẹ̀ funfun náà ní ìparí ọ̀sẹ̀ yìí, ìkẹta sì dán bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́. Mo bu iyọ̀ nígbà mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí: ẹ̀ẹ̀meje ni ó jẹ́ gíráàmù 11, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó jẹ́ 12, ẹ̀ẹ̀kan ni ó jẹ́ 15, èyí tí mo bù nígbà tí fóònù ń dún. Káróòtì tí wọ́n ní kí a gé ní mílímítà 3 ló kù báyìí, ìyẹn sì di ọ̀rọ̀ èmi àti ẹni tí ń ta awò ojú.