Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọkọ mi fẹ́ ká kó lọ máa gbé inú ọkọ̀ onígbòkun

Ìyá Tọ́lá, Súrùlérè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì mọ̀ pé àwọn tó mọ omi wà láàárín wa níbí.

Baálé mi fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá. Ó lé ní 30 ọdún tó fi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òkun ṣe ní Apapa. Àwọn ọmọ ti lọ tán, ó ku àwa méjì. Ó wá rí ọkọ̀ onígbòkun kan tí wọ́n ń tà ní Las Palmas, ní erékùṣù Canary. Ó ní ká fi ilé wa rẹ́ǹtì, ká máa gbé inú ọkọ̀ náà. Ó fẹ́ ká kọ́kọ́ tù ú wá sí Èkó, ká lo ọdún kan níbí, ká tó bọ́ sójú agbami.

Ẹsẹ̀ bàtà 42 ni, ọdún 1998 ni wọ́n kàn án. Yàrá méjì ló ní, sítóòfù rẹ̀ ń bá ọkọ̀ mì kí ìkòkò má bàa dà, ẹ̀rọ tó ń sọ omi òkun di omi mímu wà níbẹ̀, sólà wà, bátìrì lítíọ́mù tuntun wà, ẹ̀rọ kan tún wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fi afẹ́fẹ́ tọ́ ọkọ̀ láìjẹ iná. Bó ṣe ń kà wọ́n fún mi, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọdé.

Omi ò bà mí lẹ́rù. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti bí mi. Ohun tó ń já mi láyà ni pé gbogbo nǹkan tó kà sílẹ̀ yẹn, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n lò. Ó ti pé 63, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára rẹ̀. Bó bá ṣubú lulẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti jìn sí wa ní ọjọ́ mẹ́wàá, ṣé èmi nìkan lè tu ọkọ̀ náà dé èbúté? Ẹ má fi bò fún mi.

Atukọ̀ Àgbà, Apapa

Ìyá Tọ́lá, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Èkó, torí ibẹ̀ ni Ọ̀gá ti ṣì í.

Òpó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ga tó mítà 18. Kò lè gba abẹ́ afárá Falomo, kò lè gba abẹ́ Eko Bridge. Àárín Marina, Apapa àti Tarkwa Bay nìkan lẹ máa wà. Epo ọkọ̀ pọ̀ nínú omi ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ epo ló ń ba ẹ̀rọ tó ń sọ omi òkun di omi mímu jẹ́, ẹ ò ní lè tàn án. Omi táńkà lẹ ó máa rà bíi tiwa. Tí òjò bá sì ti lọ, ewéko tó ń léfòó á ya wọ ọ̀sà láti inú odò gbogbo, á wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, á dí ihò tí omi ń gbà wọlé láti tù ú lára.

Wíwá sí Èkó rọrùn. Ìṣàn omi etíkun wa ń lọ sí ìlà oòrùn, afẹ́fẹ́ wa ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ padà sí Dakar á kojú omi, á kojú afẹ́fẹ́. Ọ̀nà tó dáa láti jáde níbí ni kí èèyàn sọ̀ kalẹ̀ sí São Tomé, bí 400 máìlì òkun, kó wá bá afẹ́fẹ́ gúúsù ìlà oòrùn lọ sí Bahia ní Brazil, níbi tí àwọn Àgùdà ti padà wá sílé. Àwọn ajalèlókun ńkọ́? Nínú òṣìṣẹ́ ọkọ̀ 135 tí wọ́n jí gbé lójú omi lágbàáyé lọ́dún 2020, 130 jẹ́ ní Gulf of Guinea yìí. Ó ti rọlẹ̀ gan-an láti ìgbà náà, àmọ́ mi ò ní fi ọkọ̀ tó ń rin máìlì mẹ́fà ní wákàtí kan dán an wò pẹ̀lú ìyàwó mi nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó wà ní Canary. Láti oṣù kọkànlá, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ló ń gbé ọkọ̀ láti ibẹ̀ dé Saint Lucia ní Caribbean, bí 2,700 máìlì, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Àbíkẹ́, Ìkòyí

Àǹtí mi, èmi àti ọkọ mi gbé inú ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 38 fún ọdún mẹ́rin. Ìbéèrè yín ni mo yẹ kí n ti bi í kí a tó kúrò ní èbúté, mi ò bi í.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn Cape Verde, igi tó di ìgbòkun ńlá mú yí padà lójijì, ó gbá ọkọ mi léjìká, egungun dá. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi dá tù ú. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ yẹn ló tọ́ ọkọ̀ ní ọ̀sán àti òru. Gbogbo okùn ìgbòkun wa ló wá sí ìdí ibi tí atukọ̀ ń jókòó, n kò ní láti rìn lọ síwájú nínú ìgbì. Mo ń sùn ní ìṣẹ́jú ogún-ogún, AIS, ẹ̀rọ tó ń fi àwọn ọkọ̀ tó wà nítòsí hàn, a sì máa pariwo tí ọkọ̀ ńlá bá ń bọ̀. Ibi tí mo ti sunkún ni ìdí ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ wọ inú páìpù dísẹ́ẹ̀lì, mi ò mọ síkúrúù tí wọ́n ń tú láti lé e jáde. Ọkọ mi ń fi ẹnu sọ ọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà jáde, kí Ọ̀gá jókòó, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ta ìgbòkun, kẹ́ ẹ ká a, kẹ́ ẹ ju ìdákọ̀ró, kẹ́ ẹ fà á. Ṣéènì tó nípọn mìlímítà 10, tó gùn ní mítà 60, ju kìlógíráàmù 130 lọ. Tí iná ẹ̀rọ tó ń fà á bá kú, ṣé ó ní ọ̀pá tí èèyàn lè fi ọwọ́ yí? Kí Ọ̀gá tún bọ́ sínú omi níbi tí ọkọ̀ dúró sí, kẹ́ ẹ fi okùn àti ẹ̀rọ ìfakùn gbé e padà sórí ọkọ̀. Èyí ló le jù. Ẹ ṣe é títí yóò fi ṣeé ṣe, nítorí Ọlọ́run. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ má ra ọkọ̀ yẹn.

Bọ̀ọ̀dá Sólà, Alaba

Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ń darí iná láti ẹ́ńjìnnì sí bátìrì lítíọ́mù yẹn. Bátìrì náà ń fa iná gan-an, ó lè jó ẹ̀rọ amúnáwá ara ẹ́ńjìnnì tí kò bá sí ohun tó ń dá a dúró. Wáyà tó di òpó mú náà ńkọ́? Tó bá jẹ́ ti 1998 ni, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, ẹ yọ owó náà kúrò lára iye tí wọ́n pè é.

Bàbá Kẹ́hìndé

Ẹ jẹ́ kí dókítà rí Ọ̀gá ná. Kó fún un ní oògùn oṣù mẹ́fà, kẹ́ ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un.

Ọmọ Ìlàjẹ

Mà, ọmọdún mẹ́jọ ni ìyá mi nígbà tó ti ń dá tu ọkọ̀ lọ sọ́jà. Ọwọ́ ló ń kọ́ ọ, ẹnu ò lè kọ́ ọ. Ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan wà lọ́wọ́ ọ̀gá mi, a máa ń gbé e lọ sí Tarkwa Bay. Ẹ wá, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Ìyá Tọ́lá, Súrùlérè

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo kà á sí ọkọ mi létí lálẹ́ àná. Ó jiyàn lórí ọ̀rọ̀ Èkó títí ó fi dé ibi São Tomé, ó wá gbà. Nígbà tí mo dé ibi ṣéènì, ó dákẹ́. Ó ní òun ò rò ó rí pé èmi ni mo lè ní láti fà á. Ní àárọ̀ yìí ló ya ẹ́ńjìnnì náà sínú ìwé fún mi, ó fi bírò pupa yí síkúrúù náà ká. Ó ti kọ̀wé sí ẹni tó ń tà á pé ìyàwó òun ló máa dán an wò.

Àbíkẹ́, ẹ kí ọkọ yín fún mi, ṣé èjìká náà ti san?

Ọmọ Ìlàjẹ, Sátidé dáa fún mi. Mo mọ̀ wẹ̀ díẹ̀, màá sì ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì tèmi. Aago mélòó ni kí n dé èbúté?