Àbọ̀ ọ̀rọ̀ àbúrò mi: kò ní kúrò ní ẹ̀ka ọrọ̀-ajé mọ́

Ẹ kú àdúrótì o. Ohun tí mo bi yín ni pé ṣé kí àbúrò mi obìnrin, tó ń ka ìmọ̀ ọrọ̀-ajé, kúkú sọdá sí ẹ̀ka ìṣirò, torí pé Masters àti PhD nínú ọrọ̀-ajé ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Kò sọdá mọ́. A tẹ́ ìwé kọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá wa ní Ìkòròdú, a fi wé ohun tí àwọn yunifásítì ń béèrè. Ìṣirò ni wọ́n ń wá ṣáá: calculus, linear algebra (ìṣirò fẹ́kítọ̀ àti mátíríìsì), statistics. Real analysis (ìṣirò tó ń fi ẹ̀rí ṣàlàyé ìdí tí calculus fi ń ṣiṣẹ́) sì máa ń gbé èèyàn níyì lọ́dọ̀ wọn gan-an. Àbúrò mi lè fi àwọn ìṣirò yìí ṣe kọ́ọ̀sì àṣàyàn níbi tó wà, olùdámọ̀ràn rẹ̀ sì ti buwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o! Bí CGPA rẹ̀ (ìpíndọ́gba èsì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀) bá fi lè wá sílẹ̀ ju 3.50 lọ, second class upper (ipò oyè tó tẹ̀ lé first class) ti lọ nìyẹn. Linear algebra ló máa kọ́kọ́ gbà.

Ẹni tó ní kó ti máa sún mọ́ àwọn olùkọ́ tó máa kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún un lọ́jọ́ iwájú, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín náà. Ó ti lọ bá ọ̀kan, bàbá náà sì ní kó wá máa bá òun to dátà. Inú mi dùn gidigidi. Ẹ ṣeun, gbogbo yín.