Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ibojì olórin rọ́ọ̀kì tó kú ní kékeré, kí lẹ bá níbẹ̀?

Kẹ́hìndé (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. N kò mọ nǹkan kan nípa orin rọ́ọ̀kì kí n tó dé ìlú òyìnbó. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló mú mi mọ̀ ọ́n. Bàbá kan wà tí mò ń tọ́jú ní Barnes, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́, àga onítáyà ni mo fi ń tì í kiri. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún kan, ó ní kí n gbé òun lọ sí Queen's Ride, òun fẹ́ lọ kí Marc. Mo ṣe bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà láàyè ni.

Igi la bá. Igi sikamọ́ kan létí títì, òdòdó yí i ká, fọ́tò, lẹ́tà, àbẹ́là. Ère orí ọkùnrin onírun kíká kan wà níbẹ̀, ẹnì kan sì ti fi aṣọ pupa wé e lọ́rùn. Ìyá òyìnbó kan tí yóò ti lé ní 60 ọdún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi aṣọ tútù nu ojú ère náà. Ó nu iwájú orí, ó nu ẹ̀gbẹ́ imú, ó nu abẹ́ àgbọ̀n, ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́.

Bàbá náà ló là mí lóye. Marc Bolan ni, olórí ẹgbẹ́ T. Rex. Ìdájí ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án 1977 ni ọkọ̀ Mini tí obìnrin rẹ̀, Gloria Jones, ń wà lọ kọlu igi yìí. Gloria fara pa, ó yè é, Bolan kú. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré kó pé 30 ọdún, ọmọkùnrin wọn ò sì tíì pé ọdún méjì. Ọkùnrin tí orin rẹ̀ kún fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ báyẹn, òun fúnra rẹ̀ ò mọ ọkọ̀ wà. Lára àtẹ̀gùn ibẹ̀, wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e lọ. Steve Currie wà níbẹ̀, jàǹbá ọkọ̀ ló pa òun náà ní 1981.

Kí n má parọ́, ọkàn mi ti kúrò lọ́dọ̀ Bolan. Ìyá tó bí ìyá mi ní ère ìbejì kan ní Ìsẹ́yìn. Bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́ nìyẹn, á fi osùn pa á lára, á to ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn, á máa bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ tó jókòó tì í. Èmi náà sì ní ìkejì. Ọdún 1998 ni Táíwò mi kú lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, ẹni ọdún 24. Wọ́n sin ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kò sí ọtí, kò sí ìlù. Wọn ò jẹ́ kí Dádì àti Mọ́mì débẹ̀, nítorí òbí kì í rí ibojì ọmọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹbí ti kó gbogbo fọ́tò rẹ̀ kúrò ní pálọ̀. Ère ọ̀hún, ṣọ́ọ̀ṣì là ń lọ, ta ni yóò gbẹ́ ẹ? Orúkọ rẹ̀ di èèwọ̀ nílé wa, débi pé wọn ò pe èmi gan-an ní Kẹ́hìndé mọ́, orúkọ ìsàmì mi ni wọ́n ń pè.

Mo dúró létí títì yẹn, mò ń wo obìnrin tí kò bá Bolan tan bó ṣe ń nu ojú rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú mi. Bàbá náà ò béèrè nǹkan kan, ó kàn na áńkáṣífù rẹ̀ sí mi.

Ọmọ Adó (Paris)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àmúmọ́ra. Tèmi ò rí bí tiyín. Ibojì Jim Morrison, akọrin ẹgbẹ́ The Doors, ni mo lọ, ní ibi ìsìnkú Père Lachaise. Paris níbí ló kú sí, 3 oṣù keje 1971, ẹni ọdún 27. Wọ́n ti fi irin sé ibojì náà. Igi tó wà nítòsí rẹ̀, ṣingọ́ọ̀mù tí àwọn èèyàn ń jẹ tì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára pitimu, wọ́n wá fi ọparun wé e. Àwọn ọmọdékùnrin kan jókòó sórí ibojì onílé ẹ̀gbẹ́, wọ́n ń mu bíà. Mo bi ọ̀kan pé orin Morrison wo ló fẹ́ràn jù, kò rí ẹyọ kan dárúkọ. Ikú rẹ̀ ló wá kí.

Ní 1988, wọ́n jí ère orí rẹ̀ lórí ibojì. 2025 ni ọlọ́pàá tó ṣèèṣì rí i níbi tí wọ́n ti ń wá ohun mìíràn. Ó ń bí mi nínú títí di òní.

Onígìtá (Ìbàdàn)

Èmi ò débẹ̀ rí, àmọ́ ó kàn mí. Jimi Hendrix ni mo fi kọ́ gìtá. Ọlọ́wọ́ òsì ni, gìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló dojú rẹ̀ dé tó ń ta. Oṣù kan gbáko ni èmi ọlọ́wọ́ ọ̀tún fi ń fi òsì ta á, ìka mi ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ wa wá gba ti 27 gbọ́, pé ọmọ ọdún 27 ni ikú ń mú àwọn olórin ńlá. Á máa kà wọ́n: Brian Jones ní 1969, Hendrix àti Janis Joplin ní 1970, Morrison, Kurt Cobain ní 1994, Amy Winehouse ní 2011. Ó ní òun náà ò ní rí 28, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jóyè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu kodíìnì àti tramadol. Lóru ọjọ́ kan, a bá a nílẹ̀, èébì kún ẹnu rẹ̀. Mo yí i dojú bolẹ̀, mo ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Oògùn oorun àti èébì ló pa Hendrix ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn bí mo ṣe ń kó èébì jáde.

Lẹ́yìn náà ni mo ka ìwádìí kan tó jáde nínú BMJ, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2011. Wọ́n wo olórin 1,046 tí àwo wọn ṣe ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1956 sí 2007. Ikú ò pọ̀ ní 27 ju ọdún tó yí i ká lọ. Ṣùgbọ́n àwọn olórin tó wà láàárín 20 sí 39 ọdún ń kú ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi lé ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́. Ó ti pé ọdún 31 báyìí.

Kẹ́hìndé (Lọ́ńdọ̀nù)

Onígìtá, Ọlọ́run á dá ọ̀rẹ́ rẹ sí. Ọmọ Adó, mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìyá tí mo rí yẹn mọ orin Bolan, òun ló ń kọ lábẹ́lẹ̀.

Mo lọ sílé lọ́dún tó kọjá. Mo bẹ àbúrò Dádì títí ó fi mú mi débẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ni, lábẹ́ igi obì, kò sí òkúta, kò sí orúkọ, koríko ti bò ó. Mo fà á tu, mo ti bá bíríkìlà sọ̀rọ̀. Mọ́mì ò mọ̀ pé mo lọ.