Candy: níbo lẹ ti bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gbé àpò kan wá, ó ní candy ni, kí oníkálukú mú. Súìtì tí èèyàn ń fi sẹ́nu tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ ni mo ń retí. Ṣokoléètì ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ̀pà wà nínú òmíràn, àwọn kan sì ń fà lẹ́nu. Ará ìlú Ọba tó jókòó tì mí ní rárá o, chocolate ni èyí, àwọn tó ń fà lẹ́nu yẹn nìkan ni sweets. Obìnrin kan láti Ọsirélíà ní lollies ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ tiwọn. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń sọ o! Bí wọ́n ṣe ń jiyàn, bẹ́ẹ̀ ni mo ń jẹ.

—

Ìdí ìkòkò ni mo ti bá tèmi pàdé. Mo fẹ́ ṣe rock candy. Ife ṣúgà mẹ́ta sí omi kan, mo gbé e kaná títí ó fi yọ́ pátá, mo dà á sínú ìgò. Mo ti ki okùn bọ omi, mo yí i nínú ṣúgà, mo sá a kó gbẹ, torí ara àwọn hóró kéékèèké yẹn ni ìyókù máa dì mọ́. Mo so okùn náà mọ́ igi tín-ín-rín, mo fi há ẹnu ìgò kó lè rọ̀ sínú omi ṣúgà náà. Ẹ má gbọn ìgò o! Nígbà tó tó bí ọ̀sẹ̀ kan, hóró ńláńlá onígun tó ń dán ti bo okùn.

Irú èyí gan-an ni Faransé ń pè ní sucre candi, ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti gba ọ̀rọ̀ náà. Qand ni Lárúbáwá ń pe ṣúgà dídì, wọ́n sì ní láti inú khanda ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹ̀, ìyẹn ègé, ní èdè Sanskrit. Súìtì líle tiẹ̀ yàtọ̀: ṣúgà gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 150°C kó tó lè máa kán pàkà tó bá tutù.

—

Ẹ bi ará ìlú Ọba yẹn pé kí ló ń pe ṣúgà tí wọ́n ń ran bí òwú. Candyfloss ni! Amẹ́ríkà ní cotton candy, Ọsirélíà ní fairy floss. Oníṣègùn eyín wà lára àwọn méjì tó ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́dún 1897, William Morrison, òun àti John Wharton. Oníṣègùn eyín, ẹ gbọ́! Ṣé kí iṣẹ́ má bàa wọ́n ọn ni?

—

Ọ̀gá kan wo iṣẹ́ tí mo ṣe, ó ní “eye candy” ni. Mo ti ń dúpẹ́ kó tó ṣàlàyé pé ó dùn ún wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan nínú ẹ̀.

—

Ẹni tó ṣe rock candy, okùn wo lẹ lò?

—

Okùn òwú ni. Tọ̀rá ń yọ̀, hóró kì í dì mọ́ ọn dáadáa.