Lórí "ìgbìnsínú": ta ló gbìn ín?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó fi túmọ̀ "implantation" la jọ ń wá. Ẹni tó kọ̀wé lánàá ní kí á máa pe ìgbà tí ọlẹ̀ àdán, ìyẹn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà nínú ìyá rẹ̀, bá lẹ̀ mọ́ ara ilé ọmọ ní "ìgbìnsínú". Mi ò gbà. Bí a bá ti pe gbìn, ẹni tó ń gbìn gbọ́dọ̀ wà. Àgbẹ̀ ló ń gbin àgbàdo. Ta ló wá gbin ọmọ àdán? Òun fúnra rẹ̀ ló rọ̀ mọ́ ibẹ̀.

Ẹlòmíràn ní "ìdúró oyún", pé bí àwọn ìyá wa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Òótọ́ ni. Agbẹ̀bí ni ìyá ìyá mi ní àdúgbò Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí. Á fi àdí pa ọwọ́, á rọra fi kan ikùn obìnrin, á dákẹ́ díẹ̀, á ní, "Ó ti dúró." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí mi títí dòní.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ti àdán. Àdán ńlá tó ń jẹ èso, irú èyí tó kún orí igi nínú ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀: àwọn tó wà ní Ùgáńdà, láàárín Oṣù Kẹrin sí Oṣù Kẹfà ni akọ ń gun abo. Àtọ̀ á bá ẹyin pàdé, ẹyin á pín, á tún pín, á di róbótó onínú ṣófo, á wá dúró. Kò lẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Ó di nǹkan bí Oṣù Kẹwàá kó tó rọ̀ mọ́ ara ilé ọmọ, wọn á sì bímọ ní Oṣù Kejì sí Oṣù Kẹta. Gbogbo oṣù tó fi wà lófìfo yẹn gan-an ni ìdúró! Bí a bá tún pe lílẹ̀ mọ́ ní ìdúró, kí la fẹ́ pe èyí?

Ìfìdímúlẹ̀ ni tèmi. Oyún ló ń fìdí múlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ti òòbẹ̀ tí ẹ̀ ń jà sí, tí àwọn kan ní orúkọ àdán kékeré lásán ni, mi ò gbà. "Àdán tó sùn sídìí ọsàn kò rí he, áḿbọ̀sì òòbẹ̀ tó ní òun jí dé": òwe yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ọlẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀lẹ. Nínú Lúùkù orí 1, ọlẹ̀ ló sọ nínú Èlísábẹ́tì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹni àná kọ ọ̀lẹ, ó dùn mí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju ìfìdímúlẹ̀ lọ, kó mú un wá, kó sáà má mú gbìn bọ̀ mọ́.