Àgbébọ̀ ìyá mi kò jẹun mọ́ láti ìjẹta

Ọmọ Ìsọ̀kùn (ará Leeds, mo wà ní Iléṣà báyìí)

Ẹ̀yin ọmọ Ọwá, ọmọ Ẹkùn, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo wá lo oṣù méjì lọ́dọ̀ ìyá mi nílé, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé lọ́hùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Àgbébọ̀ kan wà tí ìyá mi fẹ́ràn gan-an, òun nìkan ló kù nínú àwọn tí bàbá mi fi sílẹ̀ kí wọ́n tó kú. Láti ìjẹta ló ti ń sorí kọ́. Ó wú ìyẹ́ bí ẹni tí òtútù ń mú, ó fa ọrùn wọnú, ó ń di ojú lọ́sàn-án gangan. Tí a bá da àgbàdo sílẹ̀, àwọn yòókù á sáré wá, òun á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á kàn máa wò wọ́n.

Alábàágbé wa kan ní ká tètè dúńbú ẹ̀ kó tó kú. Ẹlòmíì gbé kápúsù kan wá, pupa àti yẹ́lò, ó ní ká tú u sínú omi, ká dà á sí i lẹ́nu. Ìyá mi kọ méjèèjì. Wọ́n ní kí n lọ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìyá Ìbejì (Manchester)

Àbúrò mi, o kú ìtọ́jú màmá. Má da ohunkóhun sí i lẹ́nu o! Ihò tí adìẹ fi ń mí wà nídìí ahọ́n rẹ̀, ó la sílẹ̀ gbangba. Ohun tí o bá dà sí i lẹ́nu lè gba ibẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, adìẹ tí ì bá yè á sì kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Bí mo ṣe pàdánù àkọ́kọ́ tèmi nìyẹn, pẹ̀lú epo pupa ṣíbí kan ṣoṣo. Ó ṣì ń dùn mí.

Gbé e kúrò láàárín àwọn yòókù lónìí, torí adìẹ tí ara ẹ̀ bá yá kì í fi aláìsàn lọ́rùn sílẹ̀, wọ́n á máa fi ẹnu sọ ọ́ ni. Wá páálí tó tóbi tàbí àgò, tẹ́ aṣọ gbígbẹ sí i, gbé e síbi tí ariwo kò sí. Lẹ́yìn ìyẹn, ooru. Ara adìẹ tó dá pé máa ń gbóná tó 41 lórí tẹmómítà, ó ju ti èèyàn lọ dáadáa. Tí kò bá wá jẹun, kò rí igi tí yóò fi dáná ara rẹ̀. Lọ́sàn-án ní Iléṣà, ooru ọjọ́ ti tó o. Tó bá di òru, pàápàá tí ọyẹ́ bá ń mú, rọ omi gbígbóná sínú ike, fi ògbólógbòó ìró màmá wé e, gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo nínú páálí náà kí adìẹ lè sún kúrò tí ooru bá pọ̀ jù. Má gbé àtùpà tàbí èédú síbẹ̀ láé.

Omi tó mọ́ ńkọ́? Gbé e sínú àwo tí kò jìn, ki orí àgógó ẹnu rẹ̀ bọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Tí kò bá mu, fi síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ kán an sí i létí ẹnu, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó gbé e mì kí o tó kán òmíràn.

Kò tíì kan oògùn. Ní ìdájí ọ̀la, kó tó fẹnu kan nǹkan, fọwọ́ ba àpò ọ̀fun rẹ̀, níbi tí oúnjẹ kọ́kọ́ máa ń dúró sí, lókè àyà lápá ọ̀tún. Láàárọ̀, ó yẹ kó ṣófo. Wo ìgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, kí o sì bi màmá ìgbà tó yé ẹyin kẹ́yìn. Padà wá sọ fún mi.

Ọmọ Ìsọ̀kùn

Ẹ kú àárọ̀ mà. Àpò ọ̀fun náà kò ṣófo rárá. Ó tóbi tó ọsàn, ó sì le bí iyán àná. Ìgbẹ́ rẹ̀ kò ju kékeré lọ, kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Màmá ní ó ti pé ọjọ́ mẹ́rin tó yé ẹyin kẹ́yìn.

Ìyá Ìbejì (Manchester)

Iyán àná! Ọmọ Ìjẹ̀ṣà gidi ló sọ ọ́ yẹn, ó sì yé mi dáadáa. Àpò náà ló dí. Ó ti gbé nǹkan gígùn kan mì tó lọ́ mọ́ra wọn, koríko gbígbẹ tàbí okùn, àgbàdo wá dúró lé e lórí. Ká ní ó rọ̀ bíi bàlúùnù tí wọ́n rọ omi sí, tí ẹnu rẹ̀ sì ń rùn bí omi ògì kíkan, ọ̀tọ̀ nìyẹn, ìyẹn ń fẹ́ oògùn lọ́wọ́ dókítà ẹran.

Má fún un ní àgbàdo mọ́. Kán omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i létí ẹnu bí mo ṣe wí, fi òróró díẹ̀, kó má ju ẹ̀kán méjì lọ, sí i. Jókòó, gbé e sáàárín orúnkún rẹ, kó dúró dáadáa, kó kọjú síwájú. Fi ìka mẹ́ta máa rọra pò ó yí ká, bí ẹni ń wá kókó nínú èlùbọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Má tì í sókè sọ́nà ẹnu. Mo sì bẹ̀ ọ́, má dorí ẹ̀ kodò kó lè bì, ọ̀pọ̀ ń kú síbẹ̀. Àwọn kan máa ń fi abẹ là á nílé. Má dán an wò. Tó bá tó ọjọ́ méjì tó ṣì le, dókítà ẹran ló kàn.

Ọmọ Ìbòdì (London)

Ẹ má bínú mà, ṣé kì í ṣe ẹyin ló há a? Nígbà tí ẹyin há tèmi, ó dúró bí ẹni tó gbé ìdí ṣánlẹ̀, ó ń fún ara.

Ìyá Ìbejì (Manchester)

Ìyẹn lè rí bẹ́ẹ̀, àbúrò. Fún ti ẹyin, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó dé abẹ́ ikùn rẹ̀ ni, bí ogún ìṣẹ́jú, kí o wá nu ú gbẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n àpò tó le láàárọ̀ ti sọ tiẹ̀.

Bàbá Onídìẹ (Houston)

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí kápúsù yẹn. Bí o ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ó jọ tetracycline, oògùn èèyàn. Kò lè tú àpò tó dí. Tí ẹ bá sì fún adìẹ ní oògùn bẹ́ẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ jẹ ẹyin tàbí ẹran rẹ̀ títí ọjọ́ tí dókítà bá dá yóò fi pé. Níbí, láti oṣù kẹfà 2023, ẹnì kan kò lè ra irú oògùn yẹn fún ẹran mọ́ láìsí ìwé dókítà ẹran. Nílé, wọ́n ń tà á nígboro, ìyẹn kò ní kó dára.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún agbo ilé màmá ni lúkúlúkú. Tí ọrùn adìẹ bá ń lọ́, tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá wá di àwọ̀ ewé, tí òmíràn sì kú ní ọ̀túnla, kò sí oògùn tó ń wò ó. Àwọn òyìnbó ń pè é ní àrùn Newcastle, torí ìlú Newcastle tó wà lókè Leeds níbẹ̀ yẹn ni wọ́n ti rí i ní 1926. Àjẹsára ló ń dènà rẹ̀. LaSota ni ọ̀pọ̀ ń lò, ilé ìwádìí ìtọ́jú ẹran ní Vom, nítòsí Jos, ń ṣe é. Inú omi mímu ni wọ́n ń pò ó sí. Kí omi náà má ní oògùn ìfọmi, kí wọ́n mú un tán láàárín wákàtí méjì, kí ìgò náà sì wà nínú yìnyín títí wọ́n á fi ṣí i. Ìgò kan tó igba adìẹ tàbí jù bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí màmá pe àwọn ará àdúgbò, kí wọ́n jọ dáwó rà á kí ọyẹ́ tó dé. Mo ti ṣe é fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi láti ibí, ó ṣeé ṣe.

Ti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, àwọn ọmọ adìẹ ló ń mú jù, níbi tí ilẹ̀ bá tutù. Oògùn amprolium nínú omi ni, kí ẹ sì kó gbogbo àtẹ́sílẹ̀ náà dà nù.

Ọmọ Òkè-Ẹ̀ṣọ́ (Bristol)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní England, ẹ má gbàgbé o. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2024, ẹni tó ní adìẹ kan ṣoṣo gan-an gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ìyókù oúnjẹ ilé ìdáná kò sì ṣeé fún wọn jẹ níbí, òfin kọ̀ ọ́. Tó bá jọ àrùn Newcastle tàbí ọ̀fìnkìn ẹyẹ tó ń jà kiri, ẹ pe ìjọba, ẹ má fọwọ́ lásán gbé òkú rẹ̀.

Ọmọ Ìsọ̀kùn

Ẹ kú àdúrótì. Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìgbà kẹfà tí mo pò ó, mo rí i pé ìka mi ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ní alẹ́ àná, àpò náà ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Láàárọ̀ yìí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, ó sì yàgbẹ́ dúdú kan, okùn wà nínú rẹ̀, ẹ wò ó, ó gùn tó ìka mi! Okùn àpò sìmẹ́ǹtì ni, ilé kan tí wọ́n ń kọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo fún un ní ògì rírọ̀ ṣíbí méjì. Ó mu ú fúnra rẹ̀. Màmá kàn ń wò ó, omi lé sí wọn lójú.

Ṣé mo lè fún un ní àgbàdo báyìí?

Ìyá Ìbejì (Manchester)

Ọlọ́run ṣeun! Rárá o, kò tíì yá. Ọjọ́ mẹ́ta sí i lórí ògì àti ẹyin sísè tí o ti fọ́ wẹ́wẹ́, kó jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Kí o máa fọwọ́ ba àpò náà ní ìdájí. Tó bá ṣófo ní ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀léra, dá a padà sáàárín wọn lójú yín, kí ẹ̀yin lè rí i bí wọ́n bá fẹ́ jà á. Da yẹ̀pẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́ síbi tó lè rí i, adìẹ kò léyín, òkúta tó wà nínú iwe rẹ̀ ló ń bá a lọ oúnjẹ.

Ọmọ Ìsọ̀kùn

Mo ti gbọ́ mà. Ẹyin rẹ̀ ńkọ́, tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yé? Màmá ló ń bi mí.

Ìyá Ìbejì (Manchester)

Kò jẹ oògùn kankan, kí màmá jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n lọ gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn kó tó jáde.

Ọmọ Ìsọ̀kùn

Wọ́n ti gbá a. Wọ́n fi igi kan kó okùn àpò sìmẹ́ǹtì jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó kún garawa kan. Wọ́n ní kí n kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, àgbébọ̀ náà sì ń sáré sọ́dọ̀ wọn báyìí, ó ń wá ògì.