Gbígbé ní erékùṣù inú adágún: kànga, ilé ìgbẹ́, ọkọ̀ àti koríko

Oníṣẹ́ kànga:

Àwọn tó ń kó lọ sí erékùṣù inú adágún máa ń rò pé ọ̀rọ̀ omi ti yanjú, torí omi tí kò níyọ̀ ló yí wọn ká. Ọ̀rọ̀ omi gan-an ló máa kọ́kọ́ dààmú wọn. Níbi tí ilẹ̀ kò bá ga, ẹ gbẹ́ díẹ̀, omi ti sun. Bí wọ́n bá wá gbẹ́ ṣálángá síbẹ̀, inú omi ni ìgbẹ́ ń bọ́ sí tààrà, omi yẹn náà ni kànga sì ń fà.

Ṣálángá gbọ́dọ̀ fi 30 mítà, ó kéré tán, jìnnà sí kànga, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fi mítà kan àbọ̀ ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ. Ìgbà òjò ni kí ẹ wọn omi abẹ́ ilẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tan ara rẹ̀ jẹ. Bí àyè mítà kan àbọ̀ kò bá sí, ẹ má gbẹ́ nǹkan kan. Orí ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́ ilé ìgbẹ́ sí, yàrá méjì nísàlẹ̀, kí ìtọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀, kí ẹni tó bá ṣe tán bu eérú lé ìgbẹ́. Bí yàrá kan bá kún, ẹ dí i pa, kí ẹ máa lo èkejì. Níbi tí ooru ti máa ń mú, èyí tí ẹ dí yóò wà bẹ́ẹ̀ ju ọdún kan lọ kí ẹ tó kó o. Níbi tó tutù, ọdún kan àbọ̀ sí méjì. Bó bá ń rùn, ìtọ̀ ló ń bọ́ sínú ìgbẹ́, tàbí kí eérú má tó.

Kànga yín, ẹ fà á sẹ́yìn kúrò létí omi, sínú iyanrìn, kí iyanrìn bá yín sẹ́ omi adágún kó tó dé inú rẹ̀. Ẹ fi sìmẹ́ńtì mọ ọrùn rẹ̀ kó ga ju ibi tí omi dé rí. Kí ẹ bi àwọn àgbà ibẹ̀ o, torí ọdún mẹ́wàá kò tó wò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, omi Lake Victoria, adágún ńlá ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, ga kọjá ibi tó dé lọ́dún 1964, ó sì ba ilé àti ẹ̀bùté tí wọ́n ti kọ́ súnmọ́ ọn jẹ́.

Òṣìṣẹ́ ìlera:

Omi kànga yẹn náà, ẹ má tíì mu ún bẹ́ẹ̀. Bó bá mọ́ lójú, ẹ kán kílórínì ìfọṣọ tí wọn kò fi lọ́fínńdà sí, èyí tí agbára rẹ̀ wà láàárín 5 sí 9 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀kán méjì sí lítà kan, ẹ rò ó, kí ẹ fi sílẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú. Bó bá dọ̀tí, aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sẹ́ ẹ, kí ẹ wá sọ kílórínì di ìlọ́po méjì.

Ìgbà kan wà tí gbogbo èyí kò ràn án. Bí ojú adágún bá nípọn, tó rí bí ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí wọ́n dà sílẹ̀, ẹ má pọn omi níbẹ̀. Sísè ń pa ohun abẹ̀mí tíntìntín tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n májèlé inú wọn ló ń tú sínú omi. Atẹ́gùn ló máa ń gbá a jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ lọ pọn omi ní òdìkejì, kí ẹ sì so ẹran ọ̀sìn mọ́lẹ̀.

Níbi tí àtọ̀sí ajá (schistosomiasis) bá wà, aràn kan ló ń fà á, awọ ara ló sì ń gbà wọlé. Ìṣáwùrú ló ń tú ọmọ rẹ̀ sínú omi tó dúró sójú kan nídìí koríko. Omi tó bá ti wà nínú àgbá fún ọjọ́ méjì gbáko, tí kò sí ìṣáwùrú níbẹ̀, ṣeé wẹ̀. Oògùn praziquantel ń pa aràn tó ti dàgbà nínú ara, kò dínà fún òmíràn, torí náà ẹni tó lo oògùn tó tún padà sínú omi kan náà yóò tún kó o.

Awakọ̀ ojú omi:

Ọkọ̀ tí wọ́n rà létí òkun máa ń rì wọlé díẹ̀ sí i bó bá dé adágún, torí omi iyọ̀ fi bí ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún wúwo jù, òun ló ń gbé ọkọ̀ ròkè. Ẹni tó ń di ẹrù dé etí ni yóò mọ̀ ọ́n lára. Ìgbì adágún tún kúrú, ó ga ṣánṣán, ọ̀kan kò tíì kọjá tí òmíràn fi dé.

Ẹrù tó wúwo, ìsàlẹ̀ ni, láàárín ọkọ̀. Èmi ò bẹ̀rù agbami tó bí mo ṣe bẹ̀rù ẹ̀bùté, torí ibẹ̀ ni gbogbo èrò ti máa ń dìde sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ èrò MV Nyerere tó dojú dé nítòsí erékùṣù Ukara ní Tanzania, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, èèyàn 101 ló yẹ kó gbé. Àwọn tó kú nìkan lé ní 200, bẹ́ẹ̀ ó kù díẹ̀ kó gúnlẹ̀. Ẹ so okùn iwájú àti tẹ̀yìn kí ẹnikẹ́ni tó dìde.

Ẹ̀bùté tó léfòó lórí dúrọ́ọ̀mù sàn ju èyí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Atẹ́gùn lè ti omi adágún jọ sí ìpẹ̀kun kan. Ní Lake Erie ní Àríwá Amẹ́ríkà, ìyàtọ̀ gíga omi ní ìpẹ̀kun méjèèjì ti ju mítà méjì lọ rí.

Apẹja:

Kí awakọ̀ fi ti koríko kún un. Kì í ṣe ojúoró ni mò ń wí o, èyí tó ń yọ òdòdó àlùkò, tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, ni. Bó bá wọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó ń dí ihò tó fi ń fa omi tútù. Ẹ máa wo omi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì: bó bá dá, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e sókè, ẹ tú koríko kúrò. Èyí tí ẹ bá fà jáde, ẹ má jù ú padà, ẹ sá a sórí ilẹ̀ jìnnà sí etí omi. Ègé kékeré rẹ̀ tó bá tún kan omi lè hù. Àmọ́ ẹ má ro gbogbo etí omi mọ́ torí ìyẹn. Ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń pọn omi nìkan ni kí ẹ ro, torí esùsú tó kù ló ń dá ẹrẹ̀ àti ajílẹ̀ oko dúró, ibẹ̀ ni ẹja sì ń yé sí.

Bí ọjà bá jìnnà, yìnyín kílò kan sí ẹja kílò kan níbi tí ooru bá mú. Ẹ fọ́ yìnyín wẹ́wẹ́, ẹ tò ó ní ìpele ìpele, kí ihò wà nísàlẹ̀ àpótí tí omi yóò máa gbà jáde.